Lẹ́tà sí ẹ̀yin tí ẹ ń so ọkọ pọ̀ mọ́ aya: ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá rán aṣọ ẹbí tán

Ẹ̀yin bàbá wa pásítọ̀, ẹ̀yin bàbá wa lémọ́mù àti àlùfáà, ẹ̀yin ìyá ìjọ àti ìyá àdínì tí ẹ máa ń jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá lórí àwọn ọmọ wa. Iṣẹ́ lábù ni èmi ń ṣe nílùú Ìbàdàn, ó ti lé ní ogún ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wò láti àárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ti wá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan wọlé tọ̀ mí wá ní Ọjọ́bọ̀ kan, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Báàgì aṣọ ẹbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, léèsì àwọ̀ ewé pẹ̀lú gèlè, ọ̀dọ̀ télọ̀ ló ti ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti wá ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé, nítorí ìjọ wọn ní kí wọ́n mú èsì jínótáìpù wá, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn jogún lọ́wọ́ òbí, kí wọ́n tó kéde wọn lẹ́ẹ̀kẹta. AS ni ọmọbìnrin náà. AS ni ọmọkùnrin náà. A ni èyí tó péye, S ni èyí tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde bí ọmọ bá gba méjì rẹ̀, tó wá di SS. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ìyá yìí kò pariwo, kò sì bínú. Ó kàn kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ìyá tó tó bí mi lọ́mọ, ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fi A pààrọ̀ S kan níbẹ̀. Lẹ́tà kan péré ni."

N kò pààrọ̀ rẹ̀. Mo fà á dìde, àwa méjèèjì sì jọ sunkún. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìgbéyàwó náà wáyé lọ́jọ́ tí wọ́n dá. N kò mọ irú ìwé tí wọ́n mú lọ fún ìjọ.

N kò lè dá ìyá yẹn lẹ́bi. Wọ́n ti gba owó orí, wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn, ẹbí ti gbéra láti òkè òkun, ọkàn àwọn ọmọ méjèèjì sì ti di ọ̀kan láti ọdún mẹ́ta. Ìgbà tí nǹkan ti dé ibẹ̀ yẹn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní kí wọ́n lọ wo ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún nìyí: ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìdí yìgì ni ọmọ wa yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kó ti mọ̀ ọ́n látìgbà tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́. Kí ẹ sì là á yé e, kì í ṣe kí a kàn gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń gba pátíkúlà ọkọ̀.

Bí ẹ ṣe lè là á yé e náà ni mo fẹ́ sọ, ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó jẹ́ irú yín ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà ìjọ Àgùdà ni Gregor Mendel. Ó ń gbé pẹ̀lú àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní ìlú Brno, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Nínú ọgbà ilé ìjọsìn wọn ló ti gbin irú ẹ̀wà róbótó kan tí wọ́n ń jẹ nílẹ̀ Yúróòpù. Ó tó ọdún mẹ́jọ tó fi wà lẹ́nu rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyẹ̀fun inú òdòdó èyí sínú òdòdó tọ̀hún, tó sì ń ka ọmọ wọn ní hóró-hóró. Ó mú èyí tí hóró rẹ̀ ń dán róbótó, ó fi fẹ́ èyí tí hóró rẹ̀ hunjọ. Gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí ló ń dán. Ẹni tó bá wò wọ́n yóò ní ìhunjọ ti parẹ́ nínú ìran náà. Mendel kò dúró níbẹ̀. Ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn náà bímọ, ó wá tún kà: 5,474 ń dán, 1,850 hunjọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ìhunjọ kò parẹ́ rárá, inú àwọn òbí tó ń dán ló wà, ó fara pamọ́ ni. Ọdún 1866 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde, ó kú ní 1884, ọdún 1900 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kà á sí.

Ohun tí bàbá àlùfáà yẹn rí lára ẹ̀wà, òun náà ni èmi ń rí lára èèyàn lójoojúmọ́. Ọkọ ń ṣe bọ́ọ̀lù, ìyàwó ń ru ẹrù, ara wọn le koko, wọ́n wá bí ọmọ tí ìrora kò jẹ́ kó sùn. Wọ́n á ní, "Ibo ló ti wá? Kò sí nílé wa." Ó wà nílé wọn. Ó fara pamọ́ ni.

Nínú ọgbà ara wa, àṣẹ tí ara fi ń mọ ara rẹ̀, èyí tí a ń pè ní jíìnì, méjì-méjì ló wà. Ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Orí àwọn okùn tíntìntín kan tí a ń pè ní kúrómósómù ni wọ́n tò sí, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà tí ó bá wá di pé kí àwa náà bímọ, a kì í kó méjèèjì fún ọmọ. Ọ̀kan nínú méjì ni, kò sì sí ẹni nínú wa tó mọ èyí tí yóò lọ. Yíyàn yìí nìkan, lórí kúrómósómù 23, lè gbà ju ọ̀nà mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ láti ara ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ rí ìdí tí ọmọ ìyá kan bàbá kan kì í fi í jọra délẹ̀: èyí pupa, èyí dúdú, èyí ga, èyí kúrú. Táyé àti Kẹ́hìndé gan-an lè yàtọ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ìbejì àwa Yorùbá kì í ṣe ẹyin kan ló pín sí méjì. Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ìbejì wò rí, ọ̀kan jẹ́ AA, ìkejì jẹ́ SS.

Bí mo bá fẹ́ là á yé àwọn ọ̀dọ́, ife méjì ni mo máa ń gbé sórí tábìlì. Hóró ẹ̀wà funfun kan àti ẹ̀wà olóyin kan ni mo ń fi sínú ife kọ̀ọ̀kan. Funfun ni A, olóyin ni S. Màá ní kí ọmọkùnrin kan di ojú, kó mú ọ̀kan nínú ife tirẹ̀. Kí ọmọbìnrin kan náà mú tirẹ̀. A ó kọ ohun tó jáde sílẹ̀: ọmọ kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọn óò dá hóró wọn padà sínú ife, wọn óò tún mú. Ibi dídá padà yẹn ni mo máa ń pẹ́ sí, torí ibẹ̀ ni àgbà àti èwe ti ń ṣìnà. Wọ́n á sọ fún mi pé, "Ṣebí ẹ ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Àkọ́bí wa ti jẹ́ SS, a ti san tiwa." Rárá o. Ife kò rántí ohun tó ti jáde níkùn rẹ̀. Oyún kejì, ọ̀kan nínú mẹ́rin. Oyún kẹta, ọ̀kan nínú mẹ́rin.

Àwọn mìíràn á ní, "AS àti AS ni àwọn ará ilé kejì, ọmọ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yè kooro." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ká ní ilé 256 wà tí ọkọ àti ìyàwó jẹ́ AS, tí ilé kọ̀ọ̀kan sì bí ọmọ mẹ́rin. Ìṣirò fi hàn pé kí a máa retí nǹkan bí ilé 81 tí kò ní ní SS kankan. Nínú ilé 175 tó kù, ó kéré tán, ọmọ kan yóò jẹ́ SS. Nínú ilé kan láàárín wọn, gbogbo ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Àwọn ilé 81 yẹn ló máa ń jáde wá jẹ́rìí níwájú ìjọ, inú wa sì máa ń dùn sí i. Ẹni tó ń gbé ọmọ mẹ́rin kiri ọsibítù kì í ráyè wá síwájú.

Ilé tiwa náà wà nínú ìṣirò yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ṣáájú mi, orúkọ àbíkú ni wọ́n sọ ọ́, irú àwọn orúkọ tí a fi ń bẹ ọmọ pé kó dúró: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé. Wọ́n sọ fún mi pé láti ìkókó ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti máa ń wú, tí ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ọsàn. Àwọn ẹbí bàbá mi kọ ilà sí i lẹ́yìn kó má baà lè lọ. Kò pé ọdún méje tó fi lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wo ìyá mi tìfura-tìfura nínú agboolé yẹn, títí èmi fi dàgbà tí mo ń rí i. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo gba ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí mi lọ sí lábù ilé ẹ̀kọ́ wa. AS. AS. Mo mú ìwé náà wálé, mo ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún màámi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé èmi kọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni, mà. Bàámi fún un ní ọ̀kan, ẹ̀yin náà fún un ní ọ̀kan." Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń gbé e.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú ló jẹ́ SS. Ibà pa ọ̀pọ̀, ìgbẹ́ gbuuru pa ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n SS wà nínú wọn, àwọn ìyá wa sì mọ ìrora yẹn dáadáa, wọ́n pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde tipẹ́tipẹ́. Ọdún 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé òun rí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bí dòjé nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti Grenada.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ rọra fún mi lórí ọ̀rọ̀ ègún ìran. Onígbàgbọ́ lèmi náà, mò ń gbàdúrà lórí àwọn aláìsàn mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ìdílé kan wá gba ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ègún ìran torí ọmọ wọn jẹ́ SS, ohun tí ìyàwó ilé ń gbọ́ ni pé ìran tirẹ̀ ló gbé e wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi náà nìyẹn. Ní ọdún 1954, Anthony Allison ṣàlàyé láti inú iṣẹ́ tó ṣe ní ìlà-oòrùn Áfíríkà pé ibà ẹ̀fọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ tó jẹ́ AS pa bó ṣe ń pa ọmọ AA. Ọmọ AS ń yè, ó ń dàgbà, ó ń bímọ, ó ń fi S lé ọmọ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pọ̀ láàárín wa fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS lónìí. Ó wà ní Íńdíà, ó wà nílẹ̀ Lárúbáwá, ó wà ní Gíríìsì. Ó bá àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Cuba àti Bahia ní Brazil. Láti 2001 ni ìjọba Brazil sì ti ń wá a nínú ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ tuntun. Ohun tó gba ìran wa là lọ́wọ́ ẹ̀fọn ni. Ìgbà tí méjì rẹ̀ bá pàdé nínú ọmọ kan ni ìyà ń dé.

Ìyá ọjọ́sí ní lẹ́tà kan péré ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú ara. Hemoglobin ni èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn kiri. Apá kan rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ní 146. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà nìkan ló yí padà. Vernon Ingram ló rí i ní Cambridge láàárín 1956 sí 1957. Nínú jíìnì tó ń pàṣẹ fún sínsín ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, lẹ́tà kan ló ṣí nípò. Ẹyọ kan yẹn ló ń mú kí hemoglobin máa lẹ̀ mọ́ra wọn bí ọ̀pá nígbàkigbà tí atẹ́gùn bá kúrò lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ bí dòjé, á há sínú iṣan tóóró, ibi tó há sí á sì máa ro ọmọ bí ìgbà tí wọ́n ń fọ́ eegun. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó péye ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara, ti SS kì í sábà ju 10 sí 20 lọ. Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára wọn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ lábù díẹ̀, torí ìwé tí wọ́n ń mú wá fún yín, ibẹ̀ ló ti ń jáde. Màá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, màá fi omi oníyọ̀ fọ̀ ọ́ títí omi orí rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Màá wá fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kí pupa inú wọn tú jáde. Kín-ín-kín-ín rẹ̀ ni màá tẹ̀ sí etí pépà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tí a ti mọ̀ pé ó jẹ́ AS, kí n lè rí ohun tí màá fi wé e. Màá tẹ́ pépà yẹn sínú àpótí, màá tan iná sí i. Iná á máa fa pupa náà lọ díẹ̀díẹ̀. A ló ń sáré jù, S ń tẹ̀ lé e, C, irú hemoglobin mìíràn tí èèyàn lè jogún, ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ojú mi báyìí ni ìlà kan ṣe máa ń pín sí méjì. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín kan, àwọn ìlà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ mọ́ra wọn, kò sì sí ọgbọ́n mìíràn ju kí a da èyí nù, ká tún òmíràn ṣe. Ibi tí kò bá sí sùúrù, wọ́n á kàn kọ ohun tí wọ́n rò pé àwọn rí.

Àyẹ̀wò kan sì tún wà tó yá, tí kò sì wọ́n, a kàn ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oògùn nínú túùbù ni. Ohun tí ìyẹn lè sọ kò ju pé S wà tàbí kò sí. Kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, kò sì lè rí C. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn yóò dàpọ̀ mọ́ tirẹ̀ nínú èsì. Kó dúró tó oṣù mẹ́rin. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi káàdì AA tí wọ́n fún un nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì gbéyàwó AS. Ọmọ wọn méjì ló jẹ́ SS. Àwọn ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyàwó pé ta ló lọ́mọ, kí a tó tún ẹ̀jẹ̀ ọkọ yẹ̀ wò. AS ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n máa ṣe é níbi méjì, kí ẹ sì máa béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe.

Mo dárúkọ C. Àwa Yorùbá ní in ju àwọn ará ìlà-oòrùn Nàìjíríà lọ dáadáa. AC kì í ṣe AA. Bí AC bá fẹ́ AS, ọmọ wọn lè jẹ́ SC, èyí tó máa ń rọrùn ju SS lọ níbẹ̀rẹ̀, tó sì lè ba ojú àti egungun ìdí jẹ́ bó bá yá. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ni n kò gbọ́ kí wọ́n béèrè nípa rẹ̀ rí.

Ẹ sì rántí pé àwọn SS wà lórí ìjókòó níwájú yín, wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ nípa wọn. Àwọn kan ń kọ orin nínú ẹgbẹ́ akọrin, àwọn kan ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú. "Síkúlà" kì í ṣe orúkọ wọn. SS tó bá fẹ́ AA kò lè bí SS, gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ AS. Kí ló dé tí a fi ń lé wọn sẹ́yìn bí ẹni tí kò yẹ fún ìgbéyàwó? Ọmọ SS tí a bá tètè mọ̀, tó ń lo oògùn tí kò jẹ́ kí kòkòrò àrùn kọlù ú láti kékeré, tí a ń dáàbò bò lọ́wọ́ ibà, tó ń mu omi dáadáa, tí dókítà fi sórí oògùn tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea bó bá yẹ, lè dàgbà di ẹni tó ń tọ́jú òbí rẹ̀. Ní ìparí 2023, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń tún jíìnì inú mùdùnmúdùn eegun aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Kò tíì kàn wá.

Ti àwọn AS méjì tó ti fẹ́ra wọn ńkọ́? Ẹ má tú wọn ká, ẹ má sì ní kí wọ́n fẹnu mọ́. Ọ̀nà wà tí àwọn dókítà fi ń yẹ oyún wò, ọ̀nà wà tí wọ́n fi ń yẹ ẹyin tó ti di ọlẹ̀ wò kó tó dé inú ìyá. Ohun tí ẹ̀sìn wí lórí ìyẹn, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ohun tí mo ń béèrè kò wọ́n. Ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìjọ tàbí nínú asalátù, kó ti mọ jínótáìpù rẹ̀, kó mọ ohun tó túmọ̀ sí, kó lè béèrè ti ẹlòmíràn kí ọkàn tó wọnú ara wọn. Nígbà tí ẹ bá wá ń béèrè ìwé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ óò kàn máa béèrè ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni.

Mo ṣì ní ife méjì yẹn nínú àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn lábù. Ọjọ́ Sátidé ni ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yín bá ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, tàbí lẹ́yìn ìrun Ásárì, ẹ sọ fún mi, màá wá síbẹ̀ náà. Ẹ̀wà nìkan ni kí ẹ bá mi wá, funfun méjì, olóyin méjì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ yín, onílábù, n'Íbàdàn.